Ọ̀nà Ẹ̀gbẹ́ Omi Ọ̀wẹ̀nà

Ọ̀nà méjì ni oníkẹ̀kẹ́ lè gbà láti Ọ̀wẹ̀nà dé Oǹdó. Èkíní ni títì ọlọ́dà tí gbogbo ọkọ̀ ń gbà. Èkejì yí ẹ̀gbẹ́ adágún omi po. Atẹ́gùn ibẹ̀ tutù, ojú ń rí ohun tó dára, ṣùgbọ́n ó jìnnà. Ẹni tí kò kánjú ló ń gbà á.

Ayọ̀kúnlé ń kánjú. Olùkọ́ àgbà Adélaní, bàbá Ẹ̀bùnolúwa tó fẹ́ fi ṣe aya, ti ní kó wá kí òun ní Oǹdó ní Sátidé yìí, kó sì dé kí oòrùn tó kan àtàrí. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni mọ́tò máa gbé bàbá lọ sí Èkó, ibẹ̀ ni yóò ti wọ bàálù lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Kánádà, kò sì ní padà títí ọdún á fi yípo. Bí kò bá rí Ayọ̀kúnlé kó tó lọ, kò sí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lọ́dún yìí nìyẹn. "Kẹ̀kẹ́ ni kó gùn wá," ni bàbá wí. "Ṣebí ó ní òun mọ̀ ọ́n gùn."

Ayọ̀kúnlé kò rí bàbá yìí rí, àfi nínú fọ́tò ìgbéyàwó àtijọ́ kan. Ohun tó mọ̀ kò ju pé ògbólógbòó oníkẹ̀kẹ́ ni, pé a sì máa gun kẹ̀kẹ́ wá sí ẹ̀bá omi Ọ̀wẹ̀nà ní àárọ̀ Sátidé. Ẹ̀bùnolúwa ti kìlọ̀ fún un: "Dádì mi kì í wo èèyàn ní pálọ̀ o. Ibi téèyàn ò ti mọ̀ ni wọ́n ti ń wò ó."

Ó kúrò ní Àkúrẹ́ nígbà tí wọ́n ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó gun òkè Àpọ́nmù láìsọ̀kalẹ̀, inú ara rẹ̀ sì dùn mọ́ ọn. Lẹ́bàá afárá Ọ̀wẹ̀nà, ó bá bàbá kan tó wọ ṣòkòtò penpe àwọn oníkẹ̀kẹ́. Taya ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti jò pátápátá. Ọ̀nà Àkúrẹ́ ni bàbá náà kọjú sí. Bó ṣe rí Ayọ̀kúnlé, ó bọ́ àṣíborí kúrò lórí rẹ̀ tó pá, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni bàbá wí. "Ṣé Oǹdó lẹ̀ ń lọ? Mo mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ lẹ máa gùn, ni mo ṣe wá pàdé yín."

Ayọ̀kúnlé dọ̀bálẹ̀ sórí koríko. "Oǹdó ni sà. Ẹ kú ìrìn sà."

"Ẹ dìde, ẹ dìde. Èmi kọ́ ló yẹ kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún."

Ayọ̀kúnlé rẹ́rìn-ín sínú. Ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: àgbà ń fi ẹ̀yin pe ọmọdé, ó fẹ́ wò ó bóyá orí rẹ̀ á wú. Kò béèrè orúkọ, nítorí a kì í béèrè orúkọ lọ́wọ́ àgbà lójú títì. Bàbá náà kò sì béèrè tirẹ̀.

Ó tú taya náà, ó fi túùbù tirẹ̀ sí i. Bàbá di pọ́ǹpù mú, ó ní kó fi í sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á dọ̀tí. Ayọ̀kúnlé kò gbà. Wọ́n ń du pọ́ǹpù náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí ọmọ tó ń du ẹran.

"Ẹ jẹ́ ká gba ẹ̀gbẹ́ omi," ni bàbá wí nígbà tí taya le. "Ọ̀rọ̀ wà tí mo fẹ́ bá yín sọ."

Ayọ̀kúnlé wo ojú oòrùn. Lẹ́yìn náà ló rántí pé kò sídìí fún ìkánjú mọ́. Ohun tó ń wá lọ sí Sókótó ti wà lápò ṣòkòtò. "Bí ẹ bá ṣe fẹ́ ni sà," ló wí.

Wọ́n ń lọ jẹ́jẹ́. Apẹja kan juwọ́ sí wọn láti inú ọkọ̀ ojú omi. Ayọ̀kúnlé kò gbà láti ṣíwájú àgbà, àgbà kò gbà láti ṣíwájú rẹ̀, ni wọ́n bá ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí koríko ń gbá àwọn méjèèjì lẹ́sẹ̀.

"Màmá ńkọ́?" ni bàbá béèrè. "Ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́?"

Orúnkún ń dun ìyá Ayọ̀kúnlé lóòótọ́. Ó ní láti jẹ́ pé Ẹ̀bùnolúwa ló sọ fún bàbá rẹ̀. "Ó ti fúyẹ́ sà. Wọ́n ní ká kí yín."

"Wọ́n ní kí ẹ kí mi?" Ojú bàbá tàn. Ó wa kẹ̀kẹ́ díẹ̀ kó tó tún sọ̀rọ̀. "Èmi ò mutí o. Èmi ni mo máa ń fọ aṣọ mi, mo sì ń se ọbẹ̀."

Ayọ̀kúnlé gbọ́ ohun tí bàbá ń fẹ́ kó sọ. "Èmi náà ò mutí sà. Mo ń fọ aṣọ, mo sì ń se ọbẹ̀."

"Ẹ̀yin náà?" ni bàbá wí. "Kò burú."

Fóònù dún lápò Ayọ̀kúnlé. Ẹ̀bùnolúwa ni. Ó tún dún, ó tún dún. Ta ló ń gbé fóònù níwájú bàbá ìyàwó? Ó pa á.

Bàbá ra bọ̀ọ̀lì lọ́wọ́ obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó fún Ayọ̀kúnlé ní èyí tó tóbi. "Ẹ sọ òótọ́ fún mi," ló wí. "Ìdáwà dára fún èèyàn?"

"Kò dára rárá sà." Ayọ̀kúnlé sọ ọ́ tọkàntọkàn.

Oòrùn ti yẹ̀ kúrò ní àtàrí nígbà tí wọ́n yọ sí Oǹdó. Mọ́tò kan tó kó àpótí ńláńlá sẹ́yìn tẹ fèrè, Ayọ̀kúnlé yà fún un, ó sì kọjá lọ sí ọ̀nà Èkó. Ní ìyànà àkọ́kọ́, bàbá dúró, ó fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri. Ayọ̀kúnlé bọ́ àṣíborí rẹ̀. Ayọ̀ kún inú rẹ̀ débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń dúró kí bàbá fún òun lọ́mọ.

Bàbá náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ọ̀dà gbígbóná, ó ní, "Ẹ dákun, Ọ̀gbẹ́ni Adémọ́lá, màmá yín ní bí ẹ̀yin àkọ́bí àwọn bá ti lè gbà, àwọn á fẹ́ mi."