Ìdáhùn Tó Ṣáájú Ìbéèrè

Ilẹ̀ ti ṣú, ó sì ku Ìbídùnní nìkan nídìí ẹ̀rọ tó ń fi ímeèlì ilé iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ láti Òṣogbo sí ẹ̀ka Ìlọrin. Láti àárọ̀ ni ímeèlì kankan ò ti dé ọ̀hún. Ẹ̀rọ tiwọn ni ò lẹ́kọ̀ọ́: bó bá ti kí ẹ̀rọ Ìlọrin tán, kì í dúró gbọ́ èsì, ṣe ni yóò da gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀ wọ̀ọ̀ bí àpò ẹ̀wà tó ya. Ìbídùnní dá a dúró, ó ní òun yóò fọwọ́ ara òun tẹ àṣẹ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó tẹ ìkíni. Ìlọrin dáhùn. Kó tó tẹ àṣẹ kejì, èsì rẹ̀ ti yọ: "Mo ti gbà á."

Ara fu ú. Ta ní í jẹ́ kí wọ́n tó pè é? Ó pe Láníyan, tó ń tọ́jú ẹ̀rọ Ìlọrin, lórí fóònù.

"Bùọ̀dá, ṣé ẹ̀yin lẹ ń fi mí ṣeré?"

"Eré kẹ̀? Mo ti yọ wáyà ẹ̀rọ wa kí n tó máa bọ̀ nílé."

Ìbídùnní rọra gbé fóònù sílẹ̀. Ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ pé, "Ibo lo wà?" Ìka rẹ̀ ò tíì kan bọ́tìnì tí èsì fi yọ:

"Ẹ̀yìn rẹ ni."