Kókóró Ìyá Ọkọ

"Mà, ẹ̀rọ yìí á máa fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ ra ọjà tó bá tà jù," ni ẹni tó wá to kọ̀ǹpútà sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Mayfair wí, ó sì tẹ bọ́tìnnì.

"Kí ló wá tà jù?"

"Kókóró."

Oníṣọ́ọ̀bù fò dìde. Kókóró náà, tí ìyá ọkọ rẹ̀ ń fi àgbàdo dín wá fún títà, le bí òkúta. Oníṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ nìkan ló ń rà á, tó ń kó o sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ojú má baà ti màmá.

"Dá a dúró!"

"Ó ti lọ, mà."

Fóònù dún. Ìyá ọkọ ni, láti Ilare. "Ìyàwó mi, ogún àpò? Mo ti pe gbogbo obìnrin àdúgbò, a ti gbé agbada kaná!"

Oníṣọ́ọ̀bù kúnlẹ̀ níwájú fóònù.

"Ẹ ṣeun, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ó pẹ́."