Lovrenc Tó Dí Ọ̀fun Adágún

Ẹ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ rò pé ó ń bá wí. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin gan-an ló ń bá wí.

1.

"Láti ayé baba ńlá wa, omi ló máa ń sọ ìgbà tó máa lọ fún wa. Lọ́dún yìí, èmi ni màá sọ fún un."

Lovrenc ló sọ bẹ́ẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, lórí ilẹ̀ gbígbẹ, tòun ti ṣọ́bìrì símẹ́ńtì lọ́wọ́. Adágún tiwa níbí, ní Slovenia, kì í jókòó sójú kan. Bí òjò ìwọ́wé bá dé ní nǹkan bí oṣù kẹwàá, á kún. Bó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, á gba inú ihò àpáta wọlẹ̀ lọ. Ibi tí a ti ń tukọ̀ nínú oṣù kẹrin, ibẹ̀ náà la ti ń gé koríko màlúù nínú oṣù kẹjọ. Ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdílé Lovrenc ló tóbi jù. Ọ̀fun là ń pè é. Lọ́dọọdún, àwọn ló ń kó igi àti ẹrẹ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀ kí omi lè ráyè kọjá.

Ṣùgbọ́n Lovrenc ti kan ọkọ̀ mẹ́ta fún àwọn àlejò tó ń ti ìlú ńlá wá, omi kì í sì í dúró de àlejò. Ló bá mọ ògiri dí Ọ̀fun.

Àbúrò rẹ̀, Gašper, tó ń sin màlúù, dúró tì í. Dòjé ńlá tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì fì wà léjìká rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ó kéré tán, ẹ fi ilẹ̀kùn sí i."

"Ilẹ̀kùn fún ta? Omi kì í kan ilẹ̀kùn."

"Bí òjò bá pọ̀ ńkọ́?"

"Kó pọ̀. Ìwọ àti màlúù rẹ, ẹ jọ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́."

Neža, ìyá wọn, yọjú lójú fèrèsé. "Lovrenc, bàbá rẹ ò dí i."

"Màmá, bàbá ò ní símẹ́ńtì."

2.

Nínú oṣù kẹwàá, òjò bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, omi kan ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe ìkànkùn ọmọlúàbí. Ìjì gbé ìtì igi kan lórí omi, ó ń fi í gbá ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Nígbà tó gbá a lẹ́ẹ̀kẹta, ilẹ̀kùn wọlé tòun ti férémù rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin méjèèjì ti sáré lọ sí ilé màlúù nígbà náà, ṣùgbọ́n ògiri ibẹ̀ tẹ̀ bí ọ̀mùtí, ó sì wó lu màlúù márùn-ún. Mẹ́rin kú lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkarùn-ún ń ké, ó ń ké, lẹ́yìn náà kò ké mọ́.

Nígbà tí wọ́n bojú wẹ̀yìn, àgbàrá ti wà láàárín àwọn àti ilé. Ìyá wọn ti gun àjà lọ. Omi náà ń gun àtẹ̀gùn tẹ̀lé e.

3.

Ìjì ti fọ́ ọkọ̀ méjì nínú mẹ́ta. Gašper ju òòlù ńlá sínú èyí tó kù. Lovrenc di etí ọkọ̀ mú.

"Ibo lò ń lọ?"

"Mo ń lọ wó ògiri yín."

"Òjò máa tó dá. Bí o bá wó o, a ò ní lè mọ òmíràn kó tó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀."

Gašper wò ó bí ẹni tó ń wo àjèjì. "Ẹ̀gbọ́n, ìyá wa wà nínú àjà."

"Mo mọ̀. Àjà ga."

Gašper fi àjẹ̀ gbá a lẹ́nu. Eyín méjì bọ́ sómi. Lovrenc dìde, ó fún un lọ́rùn, àwọn méjèèjì sì ń yí nínú ẹrẹ̀ títí igun ilé tó kọjú sí adágún fi ya lulẹ̀. Wọ́n rí ìyá wọn láàárín igi òrùlé. Ó di igi kan mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan omi.

Lovrenc tú ọwọ́ lọ́rùn àbúrò rẹ̀. Ó so okùn mọ́ ìdí ọkọ̀, ó wé e mọ́ igi, ó sì ní, "Lọ."

4.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: Lovrenc mọ ògiri dáadáa. Gašper lù ú nígbà mẹ́wàá, kò mira. Ìgbà kẹtàdínlógún ló sán. Ọ̀fun gbé omi mì pẹ̀lú ìró tí a gbọ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, omi gbá ọkọ̀ mọ́ ògiri, ọwọ́ ọ̀tún Gašper sì wà láàárín.

Lovrenc fa okùn títí awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó mọ́ ọn lára. Ó fa àbúrò rẹ̀ jáde láàyè. Ọwọ́ yẹn kò ṣeé pè ní ọwọ́ mọ́. Dókítà gé e lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ ìjì náà, omi ti fi ẹsẹ̀ ìyá wọn sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé e sọ̀kalẹ̀, ìbéèrè méjì ló bi Lovrenc.

"Ta ló ṣí i?"

"Gašper ni, Màmá."

"Ta ló dí i?"



5.

Ẹ wá wò ó lónìí. Bí adágún bá ti lọ, Lovrenc á kọ́kọ́ fi ọwọ́ kó ẹrẹ̀ kúrò lẹ́nu Ọ̀fun, á sì gbé dòjé, á gé koríko pápá àbúrò rẹ̀ kó tó kan tirẹ̀. Gašper á jókòó sábẹ́ igi.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fo igun yẹn."

Lovrenc á padà lọ gé e. 

Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí oúnjẹ bá délẹ̀, á fa àwo Gašper sọ́dọ̀, á gé ẹran inú rẹ̀ wẹ́wẹ́, á rọra tì í padà. 

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé sójú àgbàrá, ẹ̀yin tí ẹ ń da pàǹtí sí gọ́tà tí ẹ ní kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀, ẹ fi ọ̀nà omi sílẹ̀ fún omi. Àwọn àgbà ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Omi kì í ṣe ọba. Ìka tó bá bá lójú ọ̀nà ló ń gé.