Òjò Kan Ìyá Mọ́repé

Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá Mọ́repé ni òjò kàn lábúlé Apárá. Ìkùukùu ẹgbẹ́ àgbẹ̀, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jọ ni tí wọ́n sì ń gbà lò lọ́kọ̀ọ̀kan, ti dúró lókè oko iṣu rẹ̀ tí ewé rẹ̀ ń rọ, ó ń retí ohùn ìyá náà, nítorí ohùn ẹni tí òjò bá kàn nìkan ló máa ń gbọ́.

Látòósà, alága ẹgbẹ́, dé tòun ti agbádá funfun, àwọn àlejò láti ìlú ńlá tẹ̀ lé e.

“Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ darí ìkùukùu yìí sí ọgbà òdòdó ẹgbẹ́. Àwọn àlejò fẹ́ rí bí òjò àjùmọ̀ní ṣe ń tún ayé àgbẹ̀ ṣe.”

Ìyá Mọ́repé wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó pòṣé.

“Alága, ṣé òdòdó la ó gún níyán?”

“Ẹ má dójú tì mí.”

“Ojú wo lẹ ní tí yóò tì?”

Ó gbójú sókè. “Rọ̀!”

Òjò dà wìì. Agbádá alága lẹ̀ mọ́ ọn lára bí ìyẹ́ adìẹ tó já sómi. Àfi bí àwọn àlejò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé àfihàn ti bẹ̀rẹ̀, alága náà sì ń tẹríba fún wọn nínú ẹrẹ̀.

Ìyá Mọ́repé tutọ́ sílẹ̀, ó kọ̀yìn sí gbogbo wọn, ó mú ọkọ́ rẹ̀.