Fláàṣì Tó Kéré Jù

“Ìyá, ẹ gbé ìyẹn kalẹ̀! Tọ́ọ̀ṣì ọmọdé sàn jù ú lọ.”

Oníṣọ́ọ̀bù gba fláàṣì kékeré náà lọ́wọ́ ìyá arúgbó, ó sì ki èyí tó tóbi jù mọ́ orí kámẹ́rà ògbólógbòó tí wọ́n gbé wá. Ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù funfun báláú.

“Ó ti le jù,” ni ìyá wí.

“Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má ṣẹ́jú!”

“Àwọn tèmi kì í ṣẹ́jú.”

Oníṣọ́ọ̀bù yínmú. “Ta ni kì í ṣẹ́jú? Ayafọ́tò tí ò mọṣẹ́ ló máa ń bẹ̀rù ìmọ́lẹ̀.”

Ìyá yọ èyí tó tóbi náà kúrò. Wọ́n fi kékeré náà sórí kámẹ́rà, wọ́n yí orí ẹ̀ sókè sí àjà, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ náà rọra bọ́ sórí àtẹ́lẹwọ́ wọn.

“Èyí ni mo fẹ́.”

Oníṣọ́ọ̀bù pòṣé, ó fa ìwé rìsíìtì. “Kí lorúkọ ibi iṣẹ́ yín? Àbí wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ?”

“Ilé ìgbókùúsí ọsibítù ni. Àwọn tá ò mọ ẹbí wọn ni mò ń yà.”

Bírò dúró lórí ìwé.

“Tí ìmọ́lẹ̀ bá ti le jù, ọmọ mi, ìyá wọn kì í dá wọn mọ̀.”