Aṣọ Tó Bo Dígí

Láràárọ̀ ni dígí balùwẹ̀ máa ń yẹ ojú àwọn alátọ̀gbẹ wò, tí á sì sọ ohun tó bá rí sókè ketekete. Nígbà tó sọ fún Ìyá Ìbídùnní pé ẹ̀jẹ̀ ń jò lẹ́yìn ẹyinjú wọn, ojú tì wọ́n. Kí ọmọ má bàa gbọ́, wọ́n fọwọ́ wá ìró àtijọ́ kan, wọ́n sì fi aṣọ tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́ bo dígí náà.

Lẹ́yìn oṣù kan, Ìbídùnní ká aṣọ náà kúrò.

"Màmá, kí lèyí?"

"Ìró mi ni."

Ìbídùnní gbé e lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fọwọ́ kan kọ́là ọrùn rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Aṣọ akọrin Ìbídùnní ni, èyí tó sọnù, tí Ìyá fúnra wọn torí ẹ̀ pe Àwẹ̀ró aládùúgbò wọn lólè.

"Ẹ gbójú sókè, Mà," ni dígí wí.

Ìyá ò lè gbójú sókè.