Àdéhùn Kíláàsì

“Ta ló lè sọ ‘kind’ di ọ̀rọ̀-orúkọ?”

Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. Inú tíṣà dùn. Bí ọ̀gá alábẹ̀wò tó jókòó lẹ́yìn bá kọ̀ ọ́ lónìí, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ti bá àwọn ọmọ ṣàdéhùn: ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó la àtẹ́lẹwọ́, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó di ìkúùkù.

“Salimat!”

“Kindness, mà!”

“Èmi náà fẹ́ bi wọ́n,” ni alábẹ̀wò wí. “‘Happy’ ńkọ́?”

Ọwọ́ tún kún òkè. Olúwa, má dójú tì mí!

Alábẹ̀wò fo gbogbo ìkúùkù, ó nawọ́ sí Huda.

“Happiness, sà!”

Lẹ́nu ọ̀nà, tíṣà kúnlẹ̀. “Ẹ ò rí àléébù kankan, sà?”

Alábẹ̀wò rẹ́rìn-ín, ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì di ìkúùkù.